Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróòro

Ìwé iṣẹ́ náà kò gùn. Ìlà kẹrin ló bà mí lẹ́rù:
ẹni tí yóò fọ aṣọ ilé ìwòsàn
gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú lẹ́ẹ̀mẹta.
Èmi Jokum, tí mo fi ọdún méjìlélógún
la ikùn ẹja pẹlẹbẹ létí òkun Ilulissat,
tí ìwọ̀ ti fa àtàǹpàkò mi ya lẹ́ẹ̀mejì,
tí mo fi òwú ìpẹja rán an fúnra mi,
mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn,
mò ń làágùn bí ọmọ tó jí ṣúgà lá.

Arnannguaq ló pe orúkọ mi.
Ọmọ yìí! Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de okùn mọ́ ajá
nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ga ju ajá lọ.
Ó ní, "Ká apá aṣọ yín sókè. Ojú fèrèsé ni kí ẹ máa wò."
Oṣù Keje ni. Oòrùn kì í wọ̀ níbí nínú Oṣù Keje,
ńṣe ló ń rìn yí òkè yìnyín ká
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó relé.
Mo ń wò ó lọ́wọ́ tí ọmọ náà fi parí.
"Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"
"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku méjì."

Kí n má parọ́: abẹ́rẹ́ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù.
Bolethe ni.
Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń súfèé pe ajá méjìlá
tí ìkankan kì í kọ etí ikún sí i.
Ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pupa rúsúrúsú
bí ọ̀rá àbùùbùtán tó ti pẹ́ nínú ìkòkò.
Ikùn rẹ̀ wú, apá rẹ̀ gbẹ.
Àwọn ará àdúgbò ní ọtí ni.
Bolethe kò mutí rí!
Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le koránkorán,
pé kòkòrò náà ti wà lára rẹ̀ láti kékeré.
Ogójì ọdún ni àlejò sùn nínú ilé,
kò wúkọ́, kò sín.
Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò. Tèmi mọ́.
Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí tèmi fi mọ́.

Abẹ́rẹ́ kejì, Oṣù Kẹjọ. Òjò ń rọ̀.
Mi ò rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú òkùnkùn Oṣù Kọkànlá
mo gbọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan, nǹkan já bọ́, ó dún tín.
Abẹ́rẹ́ ni, tín-ín-rín bí eegun ẹja,
ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Kò gún mi. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́,
mo ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún un kà.
Lóru ni mo pe Arnannguaq. Oorun wà lóhùn rẹ̀:
"Bàbá, kò gún yín. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro."
Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.
Ẹ̀dọ̀! Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kúkú la ń sọ.

Abẹ́rẹ́ kẹta bọ́ sí ọjọ́ tí oòrùn ń padà bọ̀.
"Ẹ ṣe kíá," ni ọmọ náà wí, ó ti wọ bàtà yìnyín rẹ̀,
"kò ní dúró dè wá."
A gun òkè lọ, gbogbo ìlú ti wà níbẹ̀,
àwọn ọmọdé lórí èjìká, kọfí nínú fúláàsì.
Apá mi ń ro mí.
Ó yọ. Ó tín-ín-rín, ó pupa rúsúrúsú,
àwọ̀ ẹyinjú Bolethe gan-an.
Láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò lè wo àwọ̀ yẹn.
Mo wò ó
títí ó fi tún wọlé.

Tó bá yá, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ mi
láti mọ̀ bóyá ara gbọ́ ohun tí wọ́n wí fún un.
Ní ọjọ́ Ajé, aṣọ ìdọ̀tí kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá.
Mo wọ ìbọ̀wọ́.