Ògbufọ̀ Ẹnu Saywa

Kí wọ́n tó bí i tán ni àgbọ̀n rẹ̀ ti so.
Apá ọ̀tún ojú rẹ̀ kéré,
bí ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn
nínú ìyá wa fún oṣù mẹ́sàn-án.
Oríkèé tó yẹ kó máa ṣí, kó máa tì,
ó tì, kò ṣí.
Àlàfo tí eyín kan fi sílẹ̀ níwájú
ni omi ọbẹ̀ pòtétò ń gbà wọlé,
ṣíbí tíńtín lẹ́yìn ṣíbí.

Ní Potosí, òtútù kì í bi ọ́ pé ta ni ọ́.
Àwọn ọmọ iléèwé ní kó kọrin.
Ó kọ ọ́, láàárín eyín. Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nilé ẹ̀rín;
ilé tirẹ̀ ńkọ́, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ?

Èmi Eulalia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ògbufọ̀.
Bó bá ní "m̀-ḿ", màá ní: omi ló ń fẹ́.
Bó bá ní "ń-n̄", màá ní: ó ní ẹ ṣeun.
Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ";
ẹnu mi ni Saywa fi ń kọ ọ́.
Nígbà mìíràn, kí n má purọ́,
ohun tí èmi fẹ́ ni mo sọ pé ó wí.

Ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ká tó dé Sucre.
Dókítà Arancibia gbé agbárí kan ka orí tábìlì,
funfun, ike lásán, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde.
"Ti ọmọ yín nìyí."
Ìyá wa bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó,
bí ẹni pé òtútù ń mú un.

Awakùsà ni bàbá wa.
Eruku tánńganran ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dé ìdajì.
Wọ́n fún un ní irú irin náà kan, àfihàn lásán;
ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n
bó ṣe ń wọn òkúta.
"Ó fúyẹ́. Kí ló ń jẹ́?"
"Títáníọ́mù."
"N kò bá a pàdé rí nísàlẹ̀ ilẹ̀."
Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
"Irin tó ti wọ ara mi láìtọrọ àyè kò níye.
Èyí tọrọ. Ẹ fi sí i."

Wákàtí mẹ́sàn-án.
Wọ́n gé eegun tó so, wọ́n kó o kúrò,
wọ́n fa àgbọ̀n síwájú bíi dúrọ́ọ̀ tó ti há.
Ojú rẹ̀ wú, ó dán, ó pọ́n.
Ìpéǹpéjú ọ̀tún kọ̀, kò gbéra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.
Kò di arẹwà inú fọ́tò.
Ojú rẹ̀ náà ni, a kàn tún un tẹ́.

Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ahọ́n
ni a ń kì sáàárín eyín rẹ̀ láràárọ̀:
méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Omijé ń dà.
Mo ní, "Ó ní kí ẹ dúró."
Saywa wò mí.
Ó mú igi karùn-ún, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kì í bọ̀ ọ́.

Lóru ọjọ́ kọkànlá, ó yán.
Kò yán rí láyé; ó di ibùsùn mú, ẹ̀rù bà á.
Mo ní, "Oorun ni." Èmi náà yán.
Nọ́ọ̀sì yán lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa relé,
obìnrin kan na búrẹ́dì gba ojú fèrèsé.
Mo ti ya ẹnu láti sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.
"Mi ò jẹ," Saywa ló wí,
ohùn rẹ̀ wọ́, ó sì ṣe ketekete.
"Ó ti gbẹ."

Obìnrin náà bínú, ó kọjá sí fèrèsé kejì.
Mo pa ẹnu mi dé.
Ọ̀nà ilé ṣì jìn,
n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ máa fi í ṣe.