Ẹgbẹ́ Mi ni Páànù

Ilé Bàbá ní Òdòlú, ní Kábà, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan,
ọdún tí wọ́n bí mi ni wọ́n kan òrùlé rẹ̀.
Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé:
“Páànù àádọ́rin. Ìṣó àpò kan. Ọwọ́ Ìbítóyè káfíńtà.
Ìyàwó mi bí obìnrin ní ọjọ́ kẹta.”
Orúkọ mi kò sí níbẹ̀.
Iye owó ìṣó wà níbẹ̀.

Gbogbo nǹkan ilé náà ló dá ọjọ́ ikú fún.
Ilẹ̀kùn yàrá kẹrin, ọdún méje.
Ọ̀dà ara ògiri, mẹ́rin.
Okùn kànga, ọdún kan gbáko,
bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbé ilé, oṣù mẹ́sàn-án.
Páànù, ọgbọ̀n ọdún: ó fàlà sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni ń bá ọmọ wí:
“Nínú náírà mẹ́wàá tí ayálégbé bá san,
méjì ti ilé ni.
Ilé náà ń jẹun. Ẹ má jẹ oúnjẹ rẹ̀.”

Mo jẹ ẹ́.
Ọdún tí Ọlọ́runtọ́ba wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo jẹ páànù méje.
Nígbà tí a sin ìyá ọkọ mi,
mo jẹ fèrèsé méjì àti àtẹ́rígbà.
Mo se sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ Kérésì,
mo rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ó dùn,
àwọn ọmọ tún béèrè sí i.
Bí ayálégbé bá ní òrùlé ń jò, màá ní
ẹ bá mi gbé báàsì sábẹ́ rẹ̀ ná.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, ìjì gba ẹ̀yìn òkè wá.
Kò kanlẹ̀kùn.
Ó ká páànù mọ́kànlá bí ẹni ń ká ẹní.
A rí ọ̀kan lóko kaṣú ọ̀nà Ìyàrá,
ọ̀kan rọ̀ mọ́ òpó iná, ó ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀,
a kò rí ìyókù mọ́.
Ọlọ́rundáre télọ̀ ti gbé maṣín-ìn rẹ̀ sórí ibùsùn,
ó da ara rẹ̀ bo yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ
bí adìyẹ tó sàba.
Kò bú mi. Ì bá bú mi.
Ó kàn béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé,
“Ìyá, owó tí à ń san, ibo lẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí?”
N kò lè nawọ́ sí ikùn mi.

Ọmọ Ìbítóyè ló gun òkè lọ wò ó.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ìpẹtà kúrò lọ́wọ́.
“Igi ti ju,” ó ní. “Ìṣó bàbá mi ló ṣì ń gbìyànjú.”
Ó wá dárúkọ owó.
Mo ní kó tún un dá. Kò yí padà.
Ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ló gbà mí, pẹ̀lú èlé.

Mo ra ìwé tèmi. Pupa ni, aláwọ̀ ewé ti tán ní ṣọ́ọ̀bù.
Mo ń lọ láti yàrá dé yàrá, mo ń béèrè ọjọ́ orí.
Sókẹ́ẹ̀tì yàrá kejì: kò sẹ́ni tó mọ̀, ó ti dúdú lẹ́nu.
Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn: àbúrò mi kẹta.
Ṣalángá: àgbà gbogbo wa, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Bàbá sọ pé méjì nínú mẹ́wàá.
Ọ̀kan àtààbọ̀ ni mo rí yọ lóṣù yìí.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́, n kò sọ ọ́ di méjì.

“Páànù tuntun mọ́kànlá. Ọwọ́ ọmọ Ìbítóyè.
Ẹnikẹ́ni kò bímọ.”

Wọ́n ń dán lórí ilé bí eyín tuntun lẹ́nu arúgbó.
Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlọ́gọ́ta ẹgbẹ́ mi ṣì wà lókè,
wọ́n ti fi ọdún mẹ́tàlá kọjá ibi tí Bàbá pè é.
Bí ojú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń jáde síta,
ma fọwọ́ di orúnkún mi tó ń ro mí,
ma gbójú sókè,
ma máa kà wọ́n.