Àga Níbi Orí

Inú gíláàsì ni wọ́n gbé e sí, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa ní Winnipeg:
àga onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Bí mo bá ń wọlé iṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀,
tí yìnyín ṣì ń yọ́ lára bàtà mi,
mo máa ń kí i.

Dókítà Steinunn Hjaltalin ló ni ín.
Láyé tirẹ̀, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni wọ́n ń pè:
akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì hurùngbọ̀n,
baba tó ń kó eérú iná.
“Fi aṣọ yìí bò ó nímú. Da ètérì sí i.
Bó bá mira, tún dà á.”
Bí ẹni ń ta epo sí ẹ̀wà.

Ọmọ ọdún méje kan wá gé bélúbélú, Ostap lorúkọ rẹ̀.
Wọ́n ní kó máa kà. Kò ka ẹ̀wá.
Oníṣẹ́ abẹ ń wo ọ̀fun,
nọ́ọ̀sì ń wo ọ̀fun,
gbogbo fìtílà ń wo ọ̀fun.
Ta ló ń wo ọmọ?

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, obìnrin náà gbé àga láti ilé ìdáná rẹ̀,
ó gbé e la yìnyín kọjá,
ó gbé e kalẹ̀ níbi orí aláìsàn.
Ilẹ̀ yàrá náà dà sí ojú kòtò omi, àga ń mì;
ó wá ayùn, ó gé ẹsẹ̀ kan,
ó jókòó.
“Ta ló ní kó o jókòó?” ni ọ̀gá wí.
“Ẹni tó sùn ni.”

Ìka kan lórí iṣan tó ń sọ, gègé lọ́wọ́ kejì,
ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó ń fa àmì sínú ìwé.
Wọ́n ní ó ń ṣírò èémí bí ahun.
Ó ní ahun ni òun lóòótọ́,
èémí olóhun ni òun kò gbọdọ̀ ná.
Nígbà tó fi ìwé owó tirẹ̀ ránṣẹ́, dọ́là márùn-ún,
wọ́n ní, “Ta ló ń sanwó oorun?”
“Ọ̀fẹ́ ni oorun. Jíjí ni mo ń gbowó rẹ̀.”

Ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó gbà kó kọ́ ẹnikẹ́ni.
Àwọn tó kọ́ kò fọwọ́ kan ìgò fún oṣù mẹ́ta.
Wọ́n kàn ń jókòó ti ẹni tó sùn, wọ́n ń gbọ́.

Ẹ̀rọ ń ka gbogbo rẹ̀ fún mi lónìí.
Mo ṣì ń fìka kan iṣan.
Bí aláìsàn bá lajú, Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi:
“Ṣé ẹ jíire?”
Kò gbọ́ èdè náà.
Ó mi orí.