Àlàfo Ìka Méjì

Torfinn, jókòó. Jẹ́ kí tíì yẹn tutù díẹ̀.
Oòrùn ò ní yọ níta títí oṣù kìn-ín-ní yóò fi fẹ́ẹ̀ parí,
yìnyín ti bo ògiri ọgbà dé ìdajì,
kò sì síbi tí à ń sáré lọ.
Mú ọwọ́ rẹ wá.

Mo fẹ́ dè ọ́.
Má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọ́dà tó ti bá mi ṣiṣẹ́ ní Skarvnes
ló kọ́kọ́ wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fúnra rẹ̀
kó tó fi í sí ọmọ ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń ké kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́?
Eyín nìyẹn. Kì í mọ ìgbà tó yó.
Bí o kò bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í lẹ́ẹ̀kejì,
bí ọwọ́ ṣe ń jà ni yóò máa jẹ ẹran wọnú.
Nítorí náà, ìka méjì:
ti ìlábẹ̀ àti ti àárín bọ inú àlàfo irin àti awọ.
Bí wọn ò bá wọlé, ó ti fún jù.
Bí ẹ̀kẹta bá bá wọn wọlé, yóò yọ ọwọ́, yóò sì fọ́ ọ lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún ọ ní Oslo,
ojú-ewé kejìlélógún, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ tí kò nírun.
Ìwé ò lóòórùn.
Ìwé ò sọ̀rọ̀ Aslak fún ọ.

Apẹja ni Aslak Benonisen, ará erékùṣù iwájú wa yìí,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àjẹ̀.
Alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé pé ìyá rẹ̀ ti kú,
ó fọ́ àwo ìfọwọ́ ara ògiri, ó gbá àfọ́kù mú.
A jẹ́ mẹ́rin. A dì í mọ́lẹ̀, ó dojú bolẹ̀.
Títí débẹ̀, n ò jẹ̀bi.
Àfọ́kù ti bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn nínú irin,
ọ̀rọ̀ ti parí.
Orúnkún mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Èémí ò wọlé.”
Mo ní, “Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí.”

Torfinn, èyí tó kù nínú ni ènìyàn fi ń sọ bẹ́ẹ̀.
Ohun tó jáde lẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan wọlé.

Nọ́ọ̀sì Ragnfrid ló tì mí ṣubú.
Òun ló fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ọ̀tún ni tàbí òsì, n ò rántí.
Aslak húkọ́, ètè rẹ̀ dúdú bí omi abẹ́ èbúté.
Kò kú. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Kò kú.
Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi dá a sílẹ̀,
bí mo bá kọjá níwájú yàrá rẹ̀,
á dìde, á fẹ̀yìn ti ògiri.

Nítorí náà, bó o bá ti dè é tán, gbé e jókòó.
Bó bá bú ìyá rẹ, jẹ́ kó bú u; ìyá rẹ ò sí níbí,
a kì í sì í fi irin san gbèsè èébú.
Wo àwọ̀ èékánná rẹ̀. Bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.
Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ aago sílẹ̀, aago gan-an,
kì í ṣe èyí tí o hun jọ lówùúrọ̀ lórí àga.
Alákàn tí wọ́n ń kó nínú òkun yìí, ojú ló fi ń ṣọ́ orí ara rẹ̀;
tìrẹ, orí ẹni tí kò lè nu imú ara rẹ̀ ni kí o fi ṣọ́.
Obìnrin tó bá ń rọbí ńkọ́? Má fi irin kàn án rárá.
Ta ló fẹ́ sá lọ nígbà tí orí ọmọ ti yọ?
Bí ara bá sì ti rọ̀, tú u.
Má dúró dìgbà tó bá bẹ̀ ọ́.

Ó dáa. Irin ti pé ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ.
Imú ń yún ọ, àbí? Mo rí i.
Kọ́kọ́rọ́ dà?
Dúró ná. Àpò yìí ni mo… rárá, èkejì.

Wo bí ojú rẹ ṣe yí padà.
Rántí ojú yẹn.