Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Lẹ́yìn Mikulov

A tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná,
máàpù tí ìdí ife kọfí ti tẹ òrùka sí lára;
òrùka náà jókòó gẹlẹ́ sórí Ọ́sítríà
bí ẹni pé ìjọba kan ti fi òǹtẹ̀ lù ú.
Òjò Brno ń rọ̀ lójú fèrèsé.

Dalibor ọkọ mi di fóònù mú bí ẹni di ìwé òfin mú:
"Wákàtí méje. Bí a bá jáde láago mẹ́rin ìdájí,
etí òkun Trieste la ó ti jẹun ọ̀sán."
Mo ní rárá.
Ṣé à ń lọ wo òkun ni,
àbí òkun ló jẹ wá lówó tí a ń sáré lọ sìn ín?
Mo fẹ́ sùn ní Graz, ó kéré tán òru kan.
Mo fẹ́ ra òróró hóró elégédé lẹ́bàá ọ̀nà Maribor,
èyí tó dúdú nínú ìgò, tó di àwọ̀ ewé lórí búrẹ́dì.

Kryštof, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń ka orílẹ̀-èdè sórí ìka:
"Mẹ́rin! Ó sì ku àtàǹpàkò!"
Ó bèèrè bóyá ilẹ̀ máa ń pa àwọ̀ dà tí a bá dé ààlà,
torí nínú máàpù, pupa ni Ọ́sítríà, ìyeyè ni Slofẹ́níà.

Sítíkà ojú gíláàsì fún títì Ọ́sítríà,
òmíràn fún Slofẹ́níà, owó ibodè fún Ítálì,
táyà ìfipamọ́ (ta ló mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀?)
korobá Kryštof fún iyanrìn:
mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́.

Bàbá mi, Vlastimil, kò tíì sọ nǹkan kan.
Ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù.
Ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, títí ó fi mú bí abẹ́rẹ́,
ó wá nawọ́, ó fi yí ibì kan po lẹ́yìn Mikulov,
ibi tí kò lórúkọ, tí kò ju ìbú èékánná lọ.
"Ẹ dúró fún mi níhìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Dalibor fi ìka fẹ ojú fóònù:
"Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀. Oko àjàrà,
ilé epo kan, àwókù àtíbàbà aṣọ́bodè.
Ọkọ̀ kì í tiẹ̀ dúró mọ́. A ó kàn là á kọjá ni, bí ẹyẹ."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí.
"Ìdí tí mo fi fẹ́ dúró nìyẹn."

Nígbà tiwọn, wáyà ni, ajá ni, iná tó ń yíjú kiri ni.
Oldřich ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rá kòrò kọjá lóru kan nínú oṣù kọkànlá.
Ó yẹ kí bàbá mi tẹ̀ lé e.
Bàtà rẹ̀ kan ló há sínú ẹrẹ̀; ó bẹ̀rẹ̀ kó fà á yọ.
Kò ju ìyẹn lọ. Bàtà.
Ẹ̀gbọ́n di ará Graz, ó ń kọ lẹ́tà
tí ẹlòmíràn ti máa ń kà kó tó délé wa;
wáyà ò tíì já nígbà tó kú.
Èmi náà ò mọ̀ jù báyìí lọ.
Bí mo bá bèèrè, bàbá mi á ní bàtà náà dára,
awọ gidi ni.

Mo mú bírò. Láàárín "ra epo" àti "Vienna"
mo kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Dalibor wò mí, ó fi kún wákàtí rẹ̀, kò jiyàn.

"Kí la ó máa ṣe níbẹ̀?" ni Kryštof wí.
Bàbá mi rò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní iye ọjà.
"A ó máa lọ, a ó máa bọ̀.
Ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún,
títí á fi sú wa."

Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀
láti wá àga kékeré tó ṣeé ká.
À ń gbọ́ bó ṣe ń ti àpótí sọ́tùn-ún, sósì.
Aṣọ àga yẹn ti ya láti ọdún tó kọjá.
Mo fi abẹ́rẹ́ kún un, àti òwú tó yi.