Ibi Tí Ẹrù Ń Gbé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa àwòrán yìí rẹ́.
Kanfasi náà ti le bí awọ tó gbẹ sóòrùn,
ọ̀dà lórí ọ̀dà,
nínú yàrá ẹ̀yìn tí mo háyà ní Kubwa,
níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan tó ru igi ìdáná ni mo fẹ́ kùn.
Ìyẹn ò ṣòro.
Ṣùgbọ́n ibo ni kí n gbé igi náà lé?

Ní Ìsẹ́yìn, ìyá bàbá mi,
Àyìnkẹ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ pélé,
orí ló fi ru òwú, orí ló fi ru omi.
Ó ní orí tí kò ru nǹkan kan,
kí ló jókòó sọ́rùn fún?

Ní Ushafa, lẹ́sẹ̀ òkè, ìyá ìyá mi,
Talatu amọ̀kòkò,
èjìká ló fi ru gbogbo tirẹ̀.
Ọba ni orí, ló wí.
Ta ní í di ẹrù ru ọba?
Èjìká náà le, ó sì dán bí ìdí ìkòkò.
Ibẹ̀ ni mo ń gbé àgbọ̀n mi lé lọ́mọdé
tí mo ń gbóòórùn èéfín àti amọ̀.

Àwẹ̀ró ni mí nílé kan, Shekwolo ni mí níkejì.
Haúsá ni mo fi ń ná tòmátì,
Yorùbá ni mo fi ń bínú,
ṣùgbọ́n bí iná bá jó mi lọ́wọ́,
igbe Gbagyi ló ń jáde.

Nígbà àkọ́kọ́, mo gbé igi náà lé orí.
Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní
ọrùn obìnrin yìí á ṣẹ́ o.

Nígbà kejì, mo gbé e lé èjìká.
Àǹtí Ṣíjúadé, tó wá gba ìtọ́jú ojú ní Gwagwalada,
fi ojú kan tí bàǹdéèjì ò bò wò ó:
"Ṣé orí ló ń fọ́ ọ ni?"

Nígbà kẹta, mo pín in: ìkòkò lórí, igi léjìká.
Ó dà bí olè tó kó ẹrù olóde.
Mo nù ún kúrò lóru ọjọ́ náà.

Ojú nìkan ni mi ò pa rẹ́.
Ìyá mi ló mú òòyà mi nílẹ̀,
ó fi eyín rẹ̀ fa ilà mẹ́ta sí ọ̀dà tútù
lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, wẹ́rẹ́ báyìí.
"Bí ìyá mi ṣe ń fín ìkòkò nìyẹn."
Mo wò ó, mi ò lè sọ̀rọ̀.
Pélé Àyìnkẹ́ ni.

Bàbá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwòrán.
Bíríkìlà ni, látìgbà tí Àbújá ṣì jẹ́ igbó;
fóònù rẹ̀ ló wá gba iná sí lọ́dọ̀ mi.
Ó wo kanfasi títí, ó ní:
"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ,
igi wà léjìká rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ já bọ́ ni.
Mo sáré lọ bá a gbé e ka orí.
Mo fà á, òun náà fà á.
Ó rẹ́rìn-ín títí ìdì igi fi tú.
Àwa méjèèjì la jọ ṣà á."
Ó yọ ṣájà rẹ̀, ó lọ.

Mo bu ọ̀dà.
Ọwọ́ mẹ́rin, eékún mẹ́rin nílẹ̀ pupa,
igi tó fọ́n káàkiri bí ìgbà tí òjò fọ́nká.
Kò sí nǹkan lórí, kò sí nǹkan léjìká.
Igi kan wà ní kọ̀rọ̀, nísàlẹ̀ lápá òsì,
tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn.
Mi ò mọ̀ bóyá tèmi ni.
Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ.