Ariwo Tí Bàbá Mi Ń Lé

Lẹ́yìn gáréèjì Táíwò Ìsàlẹ̀,
ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi lé ariwo jáde nínú rédíò.
Á yí bọ́tìnnì, á dẹtí
sí ṣàà tó ń hó lábẹ́ ohùn oníròyìn:
"Rábíátù, ìdọ̀tí nìyẹn."
Á fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná pa á lẹ́nu mọ́.

Èmi tí mo jogún irin rẹ̀, ariwo ni mò ń wá kiri.

Àwọn amọ̀kòkò Dàdá ló bẹ̀ mí níṣẹ́.
Ogún obìnrin, àjọ kan, ìjà lóṣooṣù:
ta ni yóò kọ́kọ́ kó o?
Wọ́n ní Sùébátù tó ń ká bébà orúkọ
máa ń fi èékánná sàmì sí tirẹ̀.

Mo ra ẹ̀rọ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ,
mo ní kó máa pe nọ́ńbà bó ṣe wù ú.
Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rin. Mọ́kànlá.
Nẹ́pà mú iná lọ, wọ́n mú un dé.
Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rin. Mọ́kànlá.
Bí ọmọ kéú tó há ojú wàláà kan ṣoṣo sórí.
Ìyá Àlábídùn ló ni mẹ́tàdínlógún;
ẹ bá wo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀.

Mo fi wáyà kan sílẹ̀ tí orí rẹ̀ ò kan ibì kankan,
kí ẹ̀rọ máa gbọ́ tẹnu afẹ́fẹ́.
Iná inú ògiri ló gbọ́ tó ń kùn,
lílọ bíbọ̀, lílọ bíbọ̀, bí ẹni ń lọ ata.
Ìyẹn náà ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú àpótí bàbá mi ni mo ti rí tiransísítọ̀ àtijọ́ kan.
Mo dè é sódì, mo fi iná fólítì méjìlá tì í lẹ́yìn
títí ó fi hó:
ṣàà.
Ìdọ̀tí yẹn gan-an.
Ó kù díẹ̀ kí n pe bàbá mi wá gbọ́.

Síbẹ̀ ó fì sápá kan, òdo pọ̀ ju ení lọ.
Mo ní kó máa mú wọn ní méjì-méjì:
bí wọ́n bá jọra, dà wọ́n nù;
bí wọ́n bá yàtọ̀, ti iwájú ni kó dì mú.
Ohun tí à ń dà nù pọ̀ ju èyí tó kù lọ.
Amọ̀kòkò ò ní bínú sí ìyẹn:
ẹ̀yìn iná ni wọ́n ti ń ka ìkòkò.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n yí àpótí náà ká.
"Ta ló wà nínú rẹ̀ tó ń pè wá?"
Mo ní kò sẹ́nì kankan.
Ó pe mẹ́sàn-án.

Sùébátù.

Gbogbo ojú yí sí èékánná rẹ̀.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè,
amọ̀ tútù dé ìgúnpá.